Ohun Tí Ẹsẹ̀ Ẹ̀gbọ́n Mi Kọ́ Mi Nípa Jẹjẹrẹ Ẹ̀dọ̀fóró

Níbi ìsọmọlórúkọ kan ní Ìsọ̀kùn, ní Iléṣà, ni mo ti kọ́kọ́ rí i pé nǹkan ń ṣe ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin. Wọ́n dọ̀bálẹ̀ kí àbúrò bàbá wa, wọn kò sì lè dìde. Wọn kò ṣubú, òòyì kò sì kọ́ wọn. Wọ́n kàn wà nílẹ̀ níbẹ̀, wọ́n ń fi ọwọ́ méjèèjì ti ilẹ̀, ṣùgbọ́n itan kò gbé wọn. Àwọn ọmọkùnrin méjì ló di abíyá wọn mú kí wọ́n tó lè nàró. Gbogbo wa sọ pé iṣẹ́ ló rẹ̀ wọ́n, nítorí awakọ̀ akẹ́rù ni wọ́n, ó sì lé ní ogún ọdún tí wọ́n ti ń wakọ̀ láti Iléṣà lọ sí Kánò, tí wọ́n ń fi sìgá lé oorun lójú ọ̀nà.

Bàbá tó bí wa ṣe òwò òṣómàáló ní ìgbà ayé wọn. Wọn a gbé aṣọ fún ènìyàn láwìn, bí ọjọ́ bá pé, wọn a lọ lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà onígbèsè títí owó yóò fi jáde. Mo ń mẹ́nu bà á nítorí pé láàárín oṣù díẹ̀ sí ọjọ́ ìsọmọlórúkọ yẹn, ọmọ òṣómàáló kò lè lóṣòó kí wọ́n sì dìde mọ́, àti nítorí pé ìrántí bàbá wa lẹ́nu ọ̀nà onígbèsè ni mo padà fi lóye ohun tó ń ṣe ẹ̀gbọ́n mi.

Olùkọ́ bàọ́lọ́jì ni mí ní ilé ẹ̀kọ́ girama. Ọdún pípẹ́ ni mo ti fi ń kọ́ àwọn ọmọ nípa bí ara ṣe ń dáàbò bo ara rẹ̀, tí mo ń ya àgádágodo àti kọ́kọ́rọ́ sí ojú pátákó kí wọ́n lè mọ bí áńtíbọ́dì, ìyẹn ohun ìjà tí ara ń ṣe, ṣe ń so mọ́ èròjà àjèjì. Ohun tí n kò kọ́ wọn rí, nítorí pé èmi fúnra mi kò mọ̀ ọ́n, ni pé ara lè rí jẹjẹrẹ kí ẹ̀rọ ayàwòrán tó rí i, kí ó dìde ogun sí i, kí ogun náà sì gba orí jẹjẹrẹ kọjá lọ bá ẹsẹ̀ ẹni tó ni ara.

Oṣù mẹ́jọ ni a fi ṣìnà. A kọ́kọ́ pè é ní làkúrègbé, wọ́n sì fi oríṣiríṣi òróró pa á. Lẹ́yìn náà ni ẹnu wọn bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ, tó fi jẹ́ pé wọn kò lè jẹ iyán láìmu omi mọ́ òkèlè kọ̀ọ̀kan, ìgbẹ́ kò já geere mọ́, tó bá sì di ìrọ̀lẹ́, ìpéǹpéjú wọn a máa wálẹ̀ bí ẹni tí oorun ń kùn. Ilé ìwòsàn kan sọ pé eegun ẹ̀yìn ni. Wọ́n ya àwòrán àyà wọn, wọ́n ní kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Wọ́n yẹ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ wọn wò fún ikọ́ ẹ̀gbẹ nítorí ikọ́ kékeré kan tí wọ́n ń wú, kò sí ikọ́ ẹ̀gbẹ. Àwọn kan nínú ẹbí sọ pé iṣẹ́ ayé ni, pé ẹni tí wọ́n jọ ń du ọkọ̀ ló sọ ẹsẹ̀ wọn di òwú.

Èyí tó dùn mí jù ni pé àwọn kan sọ pé wọ́n ń díbọ́n. Ohun tó fà á ni pé bí wọ́n bá kọ́kọ́ dìde lórí àga, ẹsẹ̀ wọn a wúwo bí ẹni tó wọ bàtà òjé, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti gbé ìṣísẹ̀ bíi mélòó kan, ẹsẹ̀ náà a fúyẹ́ díẹ̀, kí ó tó tún di àárẹ̀. Àìsàn wo ló ń sàn nígbà tí ènìyàn bá lo ara? Ohun tí ẹbí ń bi ara wọn nìyẹn. Èmi náà gbọ́ ọ, mo sì dákẹ́. Àmì tó tọ́ka sí àìsàn náà tààrà, tí ìbá ti là wá lójú ní oṣù àkọ́kọ́, òun gan-an ni a fi ń dá wọn lẹ́bi.

Dókítà kan ní Ilé-Ifẹ̀ ló mọ̀ ọ́n. Ọmọdébìnrin ni, n kò rò pé ó tíì pé ọgbọ̀n ọdún. A ti gba Ọ̀ṣú lọ láàárọ̀ kùtù, ẹ̀gbọ́n mi kò sọ̀rọ̀ kan títí a fi dé Lágere. Dókítà náà fi òòlù kékeré gbá orúnkún wọn, ẹsẹ̀ kò ta. Ó wá sọ pé, “Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ na ẹsẹ̀ yìí, kí ẹ fi gbogbo agbára yín tì í mọ́ ọwọ́ mi, ẹ má fi sílẹ̀ títí n ó fi ka mẹ́wàá tán.” Nígbà tó ka mẹ́wàá tán, ó tún gbá orúnkún náà, ẹsẹ̀ sì ta sókè. Ó gbá a lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, kò ta mọ́. Ó yíjú sí mi, ó bi mí léèrè ọdún mélòó ni wọ́n ti ń mu sìgá.

N kò mọ ohun tó pa sìgá àti orúnkún pọ̀. Ó jókòó, ó sì ṣàlàyé fún wa ní èdè Yorùbá, pẹ̀lú sùúrù tí n kò ní gbàgbé láé.

Nígbà tí ọpọlọ bá fẹ́ kí itan gbé ara sókè, ó ń rán iṣẹ́ gba inú iṣan ìmọ̀lára. Bí iṣẹ́ náà bá dé òpin iṣan, níbi tí ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fara kan ẹran itan, àwọn ẹnu ọ̀nà tíntìntín tí a fi purotéènì ṣe yóò ṣí, èròjà káṣíọ̀mù (calcium) yóò wọlé, ìwọlé rẹ̀ ni yóò sì mú kí iṣan tú èròjà mìíràn sórí ẹran itan pé kí ó súnkì. Bí káṣíọ̀mù kò bá wọlé tó, iṣẹ́ tí ọpọlọ rán yóò kú sí ẹnu ọ̀nà. Lára àwọn tí àìsàn tí a ń pè ní Lambert-Eaton ń ṣe, áńtíbọ́dì tí ara fúnra rẹ̀ ṣe ló lọ lẹ̀ mọ́ àwọn ẹnu ọ̀nà wọ̀nyí, tí kò jẹ́ kí wọ́n ṣiṣẹ́. Irú ẹnu ọ̀nà bẹ́ẹ̀ wà lára iṣan tó ń darí itọ́ ẹnu àti ìfun, ìdí nìyẹn tí ẹnu fi ń gbẹ tí ìgbẹ́ sì ń le. Bí ènìyàn bá wá fi tipátipá lo ẹsẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, káṣíọ̀mù díẹ̀díẹ̀ tó ń wọlé yóò kóra jọ, agbára yóò sì padà fún ìgbà kúkúrú. Ẹ̀gbọ́n mi kò díbọ́n.

Mo bi dókítà léèrè ohun tó bí ara nínú sí ẹnu ọ̀nà iṣan tirẹ̀. Ìdáhùn rẹ̀ ni mo ti ń rò láti ọjọ́ náà títí di òní. Ó ní kì í ṣe iṣan ni ara bínú sí. Irú jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró kan wà tí a ń pè ní oní-sẹ́ẹ̀lì-kékeré, tó jẹ́ pé àwọn tó ti mu sìgá fún ọdún pípẹ́ ló sábà máa ń mú, sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ náà sì ń ṣe purotéènì tí kì í ṣe ti ẹ̀dọ̀fóró rárá. Lára wọn ni ẹnu ọ̀nà káṣíọ̀mù kan náà tó yẹ kí ó wà lẹ́nu iṣan. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo sẹ́ẹ̀lì ara wa ló ní ìwé jíìnì kan náà lódindi, ṣùgbọ́n sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan ń ṣí ojú ìwé tirẹ̀ nìkan, ó ń pa ìyókù dé. Jẹjẹrẹ kì í bọ̀wọ̀ fún ìyẹn. Ó ń ṣí ojú ìwé tí kò kàn án, a sì ń rí purotéènì ọpọlọ nínú ẹ̀dọ̀fóró, ti kórópọ̀n nínú awọ ara, ti ọmọ inú oyún nínú ara àgbàlagbà. Àwọn ọmọ ogun ara tó ń ṣọ́ ẹ̀dọ̀fóró rí purotéènì yìí níbi tí kò yẹ kó wà, wọ́n mọ̀ pé ohun àjèjì dé, wọ́n sì ṣe áńtíbọ́dì sí i.

Nígbà yẹn ni bàbá wa wá sí mi lọ́kàn. Áńtíbọ́dì náà dà bí òṣómàáló tó mọ ojú onígbèsè dáadáa, tí ó sì ní ẹ̀tọ́ láti bínú, ṣùgbọ́n tí ó wá lọ lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà ará ilé tí ojú rẹ̀ jọ ti onígbèsè. Ẹni tí kò jẹ gbèsè kò ráyè wọlé, kò ráyè jáde. Onígbèsè gan-an ń bẹ ní yàrá kejì, ó ń gbọ́ ariwo.

Ọdún 1956 ni Lambert àti Eaton àti ẹlẹgbẹ́ wọn ní Amẹ́ríkà ṣàpèjúwe àìsàn yìí lára àwọn tó ní jẹjẹrẹ àyà. Ó lé díẹ̀ ní ìdajì àwọn tó bá ní in tí a máa ń rí jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró oní-sẹ́ẹ̀lì-kékeré lára wọn. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ìyókù kò ní jẹjẹrẹ kankan, ara wọn kàn ṣàdédé gbógun ti iṣan ni. Lára àwọn tó ní jẹjẹrẹ, àìlera ẹsẹ̀ ló sábà máa ń ṣíwájú, ó sì lè jẹ́ oṣù mélòó kan kí kókó jẹjẹrẹ tó hàn nínú àwòrán. Èyí ni mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó bá ka ìwé mi yìí mú lọ́kàn nípa ẹ̀gbọ́n mi: àwòrán àyà tí wọ́n ní kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀, ara wọn ti mọ̀ ju àwòrán náà lọ.

Dókítà ní kí a lọ ya àwòrán CT. Kókó kan wà ní ẹ̀gbẹ́ ibi tí ọ̀nà èémí ti wọ inú ẹ̀dọ̀fóró ọ̀tún, ó fara pamọ́ sẹ́yìn ọkàn níbi tí àwòrán lásán kò ti lè fi í hàn dáadáa. Wọ́n gé díẹ̀ nínú rẹ̀ yẹ̀ wò, ó sì jẹ́ ohun tí dókítà sọ. Kò tíì kúrò ní àyà.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé ní alẹ́, bí mo ti ń ṣe nígbà tí mo wà ní yunifásítì. Mo rí i pé ẹnu ọ̀nà káṣíọ̀mù kì í ṣe òun nìkan. Àwọn purotéènì mìíràn wà tí a ń pè ní Hu, tí wọ́n fi lẹ́tà méjì àkọ́kọ́ nínú orúkọ aláìsàn kan sọ wọ́n ní orúkọ. Inú sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ àti iṣan ni wọ́n ń gbé, ṣùgbọ́n ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró oní-sẹ́ẹ̀lì-kékeré ló ń ṣe wọ́n. Bí a bá yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn aláìsàn wò, nǹkan bí ẹni kan nínú mẹ́fà ló ní áńtíbọ́dì díẹ̀ sí Hu, síbẹ̀ a kì í rí tó ẹni kan nínú ọgọ́rùn-ún tí ìjà náà le débi tí yóò fi ba ọpọlọ tàbí iṣan jẹ́. Ní ara àwọn díẹ̀ wọ̀nyí, kókó sábà máa ń kéré, kì í sì í tètè tàn kálẹ̀. Bákan náà, àwọn tó ní Lambert-Eaton pẹ̀lú jẹjẹrẹ yìí sábà máa ń pẹ́ láyé ju àwọn tó ní jẹjẹrẹ náà nìkan. Ìjà tó ń ba ẹsẹ̀ jẹ́ ń fún jẹjẹrẹ lọ́rùn pẹ̀lú. Mo ka gbólóhùn yẹn lẹ́ẹ̀mẹta, n kò sì mọ̀ bóyá kí n dúpẹ́ tàbí kí n sunkún.

Ìbéèrè tó kàn ni pé kí ló dé tí ara gbogbo ènìyàn kì í fi bá jẹjẹrẹ jà bẹ́ẹ̀. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani. Ọmọ ilé ni jẹjẹrẹ. Láti kékeré ni a ti ń kọ́ àwọn ọmọ ogun ara tí a ń pè ní sẹ́ẹ̀lì T, nínú ẹran kékeré kan tó wà lẹ́yìn egungun àyà, pé kí wọ́n má ṣe fọwọ́ kan ohun tí ó jẹ́ ti ilé. Èyí tí kò bá gbà ẹ̀kọ́, a ń pa á. Nítorí náà ni jẹjẹrẹ tí kò bá ṣe ohun àjèjì kankan fi lè gbé láàárín wa láìsí ẹni tó bi í ní ìbéèrè. Àwọn purotéènì tí kò yẹ, tó ń já bọ́ lára rẹ̀, ni àṣìṣe rẹ̀, òun sì ni ìrètí wa.

Ṣùgbọ́n kí ara dá a mọ̀ kò tó. Ẹ̀kọ́ yìí ná àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní ohun púpọ̀. Ní 1991 ni àwọn onímọ̀ kan ní Belgium ṣàwárí jíìnì àkọ́kọ́ nínú ìdílé tí a ń pè ní MAGE, tí purotéènì rẹ̀ kì í sí lára àgbàlagbà bí kò ṣe nínú kórópọ̀n, ṣùgbọ́n tí oríṣiríṣi jẹjẹrẹ ń ṣe. Ohun tí kò sí níbòmíràn, kí ni ó tún dára ju ìyẹn lọ fún àjẹsára? Wọ́n fi ọ̀kan nínú wọn, MAGE-A3, ṣe abẹ́rẹ́, wọ́n sì fún àwọn tí a ti fi iṣẹ́ abẹ yọ jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró lára wọn ní abẹ́rẹ́ náà nínú ìwádìí kan tó kó àwọn ènìyàn tó lé ní ẹgbẹ̀rún méjì jọ. Ara wọn ṣe áńtíbọ́dì bí ó ti yẹ, ṣùgbọ́n jẹjẹrẹ padà wá lára wọn bíi ti àwọn tí kò gba abẹ́rẹ́ náà. Mo máa ń ka ìtàn yìí fún àwọn ọmọ kíláàsì mi báyìí, nítorí n kò fẹ́ kí wọ́n rò pé kọ́kọ́rọ́ wọ àgádágodo, ọ̀rọ̀ sì ti parí.

Ohun tó ń dí ìjà lọ́wọ́ ni bíréèkì. Sẹ́ẹ̀lì T ní bíréèkì lára, kí ó má baà ba ilé jẹ́, jẹjẹrẹ púpọ̀ sì mọ bí a ṣe ń tẹ̀ ẹ́. James Allison ti Amẹ́ríkà àti Tasuku Honjo ti Japan ni wọ́n fún ní ẹ̀bùn Nobel ní 2018 nítorí pé wọ́n fi hàn bí a ṣe lè tú bíréèkì wọ̀nyí sílẹ̀. Nínú irú jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró tó pọ̀ jù lọ, èyí tí kì í ṣe oní-sẹ́ẹ̀lì-kékeré, oògùn tó ń tú bíréèkì sílẹ̀ ti yí ìtàn ọ̀pọ̀ ènìyàn padà. Nínú ti ẹ̀gbọ́n mi, èrè rẹ̀ kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀: nínú ìwádìí tó mú kí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí oògùn atezolizumab ní 2019 fún àwọn tí jẹjẹrẹ náà ti tàn kálẹ̀ lára wọn, ìdajì àwọn tó gbà á pẹ̀lú kẹ́mò, ìyẹn oògùn tó ń pa sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ, wà láàyè ju oṣù 12.3 lọ, nígbà tí ó jẹ́ oṣù 10.3 fún àwọn tó gba kẹ́mò nìkan.

Mo fẹ́ kí wọ́n gba irú oògùn bẹ́ẹ̀ lọ́nàkọnà. Mo ti ń ro ilẹ̀ bàbá wa tí a lè tà. Dókítà wa ló dá mi lẹ́kun, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe owó ló fi dá mi lẹ́kun, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé owó náà kọjá agbára wa. Ó ní ẹni tí ara rẹ̀ ti ń bá iṣan rẹ̀ jà tẹ́lẹ̀, bí a bá tú bíréèkì sílẹ̀ fún un, ìjà ara rẹ̀ pẹ̀lú iṣan lè gbóná sí i, débi pé mímí lè di ìṣòro. Ìfẹ́ tí mo ní sí wọn ni ìbá ti pa wọ́n.

Kẹ́mò ni wọ́n gbà, cisplatin àti etoposide, wọ́n sì lọ gba ìtànṣán ní Ìbàdàn. Oògùn tó ń ràn iṣan lọ́wọ́ gan-an nínú Lambert-Eaton, amifampridine, a kò rí i rà. Èyí tí a rí, pyridostigmine, ràn wọ́n lọ́wọ́ díẹ̀. Àmọ́ ohun tó mú ẹsẹ̀ wọn padà ni pé kókó náà ń kéré sí i. Bí onígbèsè ti ń dínkù, ìbínú òṣómàáló ń rọlẹ̀. Lẹ́yìn kẹ́mò kejì ni ìyàwó wọn pè mí lórí fóònù ní òwúrọ̀, tó sì sọ pé wọ́n ti dìde lórí àpótí ìdáná láìdi ohun kankan mú. Mo wà ní yàrá àwọn olùkọ́. Mo jáde síta kí n lè sunkún dáadáa.

Wọ́n lo ọdún mẹ́ta àti oṣù mẹ́rin lẹ́yìn ìgbà tí a rí kókó náà. Jẹjẹrẹ padà wá ní ìkẹyìn, nínú ẹ̀dọ̀, ó sì yára. Ní oṣù karùn-ún 2024 ni àwọn aláṣẹ oògùn ní Amẹ́ríkà fọwọ́ sí tarlatamab, oògùn kan tó ń di purotéènì tí ń jẹ́ DLL3 mú pẹ̀lú ọwọ́ kan, tí ó sì ń di sẹ́ẹ̀lì T mú pẹ̀lú ọwọ́ kejì, kí wọ́n lè fojú kan ojú. DLL3 yìí náà, purotéènì tí kì í sábà hàn lójú sẹ́ẹ̀lì àgbàlagbà tó lera ni, ṣùgbọ́n tí ó kún ojú sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ ẹ̀gbọ́n mi àti ti irú wọn. Wọ́n ti kú kí ó tó jáde. Mo ka ìròyìn náà, mo sì lọ jókòó sí ibojì wọn fún ìgbà díẹ̀.

Ní ọdún tó kọjá, bàbá àgbà kan tó ń ṣe iṣẹ́ káfíńtà ní àdúgbò wa kò lè gun àkàbà mọ́. Ọmọ rẹ̀ tí mo kọ́ níwèé ló wá sọ fún mi, ó ní àwọn ènìyàn ń sọ pé ogbó ni. Mo bi í léèrè nípa ẹnu gbígbẹ, nípa ìpéǹpéjú, nípa sìgá tí bàbá ti fi sílẹ̀ ní nǹkan bí ọdún mẹ́wàá, mo sì bá wọn lọ sí Ilé-Ifẹ̀. Orúnkún bàbá ta lẹ́yìn tí wọ́n ka mẹ́wàá, bí ti ẹ̀gbọ́n mi gẹ́ẹ́. Àwòrán CT kò rí kókó kankan. Àwọn ọmọ ń dúpẹ́, wọ́n fẹ́ máa lọ sílé, ṣùgbọ́n èmi àti dókítà ní kí wọ́n jókòó, nítorí pé nígbà tí áńtíbọ́dì bá wà tí a kò sì rí kókó, ńṣe ni a ń padà ya àwòrán ní oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà, títí ọdún méjì yóò fi pé. A ti lọ lẹ́ẹ̀mejì. Oṣù tó ń bọ̀ ni ẹ̀kẹta, mo sì ti tọrọ ààyè ọjọ́ náà lọ́wọ́ ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ wa.